Ẹ Má Fọ Ebu Kúrò Lára Àgbàdo Kí Ẹ Tún Sè É Jẹ

Nígbà tí òjò bá ti pọ̀, kì í pẹ́ kí àgbàdo ẹ̀dínwó tó yọjú lọ́jà. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ebu aláwọ̀ ewé ti mú un nídìí hóró, òórùn rẹ̀ kò sì dára mọ́. Ẹni tó ń rà á mọ̀ pé ó ti bu. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun yóò fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, òun yóò sá a sóòrùn, òun yóò sè é kó jinná, tàbí kí òun fi ṣe ògì, tàbí kí òun lọ̀ ọ́ fún adìẹ. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Ara olú tó hù síta ni omi lè fọ̀ lọ. Májèlé tí olú náà ti tú sínú hóró kì í bá omi lọ, iná ìdáná wa kò sì ká a.

Aflatoxin ni orúkọ májèlé náà. Olú kan tí kò ju òwú tín-ín-rín lọ, Aspergillus flavus, ló ń ṣe é jù lọ. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé. Afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ló ń gbé e dé orí àgbàdo. Àgbàdo àti ẹ̀pà ló fẹ́ràn jù, kò sì yọ ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ sílẹ̀. Omi tó ń hó nínú ìkòkò kò ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ kí aflatoxin tó bàjẹ́ tán, ooru gbọ́dọ̀ ju 200 lọ dáadáa. Yíyan ẹ̀pà máa ń dín in kù. Rírẹ àgbàdo fún ògì, ká da omi ìrẹ nù, ká sì sẹ́ ẹ, òun náà ń dín in kù. Kì í mú un kúrò tán. Àgbàdo tó ti bu kò ní torí ìyẹn di oúnjẹ ọmọ ènìyàn.

Ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ di ariwo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó pa wọ́n, títí wọ́n fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ilẹ̀ Brazil ṣe. Ẹ̀pà náà ti bu. Ní 2004, ó kan ènìyàn. Ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Kenya, pàápàá ní Makueni àti Kitui, ènìyàn 317 ni àìsàn ẹ̀dọ̀ kọ lù lójijì, 125 nínú wọn sì kú. Àgbàdo tí ọ̀pọ̀ wọn fọwọ́ ara wọn gbìn ni wọ́n jẹ. Àgbàdo náà kò tíì gbẹ tí wọ́n fi kó o pamọ́ sínú ilé. Èyí tó ń pa ènìyàn lójijì báyìí kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀, tó sì yẹ kó bà wá lẹ́rù jù, ni díẹ̀díẹ̀ tí à ń jẹ lójoojúmọ́ láìmọ̀, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, ti fi aflatoxin sí ìpele kìíní, láàárín àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibi tí ebu bá wà ni májèlé wà, ibi tí kò bá sí, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Olú yìí lè dàgbà kó tàn káàkiri láìṣe májèlé kankan. Ó sì lè ṣe májèlé pọ̀ nínú hóró tí ojú lásán kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ooru tó bá sún mọ́ 37 ló mú un lára dá jù láti dàgbà, ṣùgbọ́n láàárín 28 sí 30 ló ti máa ń ṣe májèlé jù lọ. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú un dàgbà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú un ṣe májèlé. Mo fẹ́ kí a wo ohun tó ń yí i láti orí ìkíní bọ́ sí orí ìkejì, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí gbogbo ìmọ̀ràn tí mo máa mú wá níwájú fi rí bó ṣe rí.

Purotéènì ló ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì olú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara wa. Ṣùgbọ́n pé sẹ́ẹ̀lì ti ṣe purotéènì tán kò sọ pé yóò máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti so àmì kékeré mọ́ purotéènì mìíràn lára. Àwọn mìíràn wà tó ń já àmì náà kúrò. Àmì yìí lè jẹ́ phosphate, ó lè jẹ́ methyl, ó sì lè jẹ́ acetyl. Bí ẹni so àkísà pupa mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn ni: ewúrẹ́ náà kò yí padà, àmọ́ gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó ni ín, wọ́n sì ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lé e gbà. Purotéènì tí wọ́n so phosphate mọ́ lè jí, òmíràn sì lè dákẹ́ nítorí phosphate kan náà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àmì yìí ni yóò sọ bóyá wọ́n á wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí jíìnì wà, tàbí wọn kò ní wọ̀ ọ́. Edmond Fischer àti Edwin Krebs, tí wọ́n kọ́kọ́ tú àṣírí bí síso àti jíjá phosphate ṣe ń darí iṣẹ́ nínú iṣan, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1992.

Ní ti olú wa yìí, jíìnì tó ń pawọ́ pọ̀ ṣe aflatoxin tó bíi 25 sí 30, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, purotéènì kan tó ń jẹ́ AflR ló sì ń jí wọn. Onímọ̀ nípa olú kan, Nancy Keller, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò Aspergillus nidulans, olú tó bá tiwa tan, tó ń ṣe sterigmatocystin, èyí tó jẹ́ ìpele tí aflatoxin fúnra rẹ̀ máa ń gbà kọjá kó tó pé. Wọ́n rí i pé nígbà tí àṣẹ ìdàgbà bá ṣì ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní PKA máa ń so phosphate mọ́ AflR, AflR kò sì ní ráyè ṣiṣẹ́. Olú á gbájú mọ́ dídàgbà. Nígbà tí àṣẹ náà bá rọlẹ̀, nǹkan méjì á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: olú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí irúgbìn wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe májèlé.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí ẹ máa ń rí lára àgbàdo tó bu, irúgbìn olú náà ni. Nígbà tó bá fi hàn lójú, ìdàgbà nìkan kọ́ ni olú náà ń ṣe mọ́. Ó ti dé ìpele tí bíbí irúgbìn àti ṣíṣe májèlé sábà máa ń rìn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ kò fi wúlò. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ti dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Ní 2004 kan náà tí àjálù Kenya ṣẹlẹ̀, Jin Woo Bok àti Keller, ní Yunifásítì Wisconsin, kéde purotéènì kan tí wọ́n sọ ní LaeA. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń so methyl. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tó wà lọ́dọ̀ Gerhard Braus ní Göttingen, ní ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé LaeA kì í dá ṣiṣẹ́; ó máa ń di àwọn méjì mìíràn mú, VeA àti VelB. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ìta ni púpọ̀ nínú VeA máa ń wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé. Nígbà tí wọ́n yọ LaeA tàbí VeA kúrò lára Aspergillus flavus, aflatoxin dáwọ́ dúró. Àwọn kókó dúdú líle tí olú náà fi ń fara pa mọ́ sínú ilẹ̀ nígbà ìyà, kò lè ṣe wọ́n mọ́. Agbára rẹ̀ láti gba inú hóró ẹ̀pà àti àgbàdo pàápàá rọ. Ẹ wò ó: àkójọ purotéènì kan ṣoṣo di ìdàgbà, ìbímọ, ìfarapamọ́ àti májèlé mú pọ̀. Ti acetyl náà wà níbẹ̀. Lára Aspergillus nidulans, nígbà tí wọ́n mú ẹ́ńsáìmù kan tó ń já acetyl kúrò lára àwọn purotéènì tí DNA wé mọ́, olú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe májèlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí lọ tan iná sínú àká o. Ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó láti dá olú yìí dúró. Tí àgbàdo bá ti tutù, ó tutù náà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó máa retí oògùn tí yóò dí LaeA. Àwọn onímọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni àwọn nǹkan tí ń yí ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí síbí sọ́hùn-ún: omi, ooru, ọ̀dá, ọgbẹ́ tí kòkòrò dá sí hóró lára. Ọwọ́ wa tẹ púpọ̀ nínú wọn.

Oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀dá bá mú àgbàdo nígbà tó ń yọmọ, tí oòrùn sì mú, agbára rẹ̀ láti bá olú jà á dínkù. Ẹ gbìn ín lásìkò, ẹ má jẹ́ kí kòkòrò rí i lù, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí pòròpórò lẹ́yìn tó bá ti gbó. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ti ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe. Hóró ọkà bàbà tí wọ́n ti pa agbára híhù rẹ̀ ni, tí wọ́n fi Aspergillus flavus tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa bò lára, oríṣi tí kò lè ṣe májèlé rárá. Ẹ máa fọ́n kílò mẹ́wàá sórí hẹ́kítà kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn aláìlóró yìí á gba ilẹ̀ mọ́ àwọn olóró lọ́wọ́. Ó ti gba ìforúkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ tó bá lágbára láti rà á kò gbọdọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí kò lágbára, ẹ dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ yín.

Lẹ́yìn ìkórè, ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má sá àgbàdo tàbí ẹ̀pà sórí ilẹ̀ lásán, torí inú ilẹ̀ gan-an ni olú náà ń gbé. Ẹ tẹ́ tapólì tàbí ẹní sílẹ̀, ẹ máa rò ó lọ rò ó bọ̀, ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bí òjò bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sórí àjà tí atẹ́gùn ń gbà abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àgbàdo gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 13 nínú 100 lọ kó tó wọ àpò. Ẹ̀pà tí a ti bó gbọ́dọ̀ gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má ju ìdá 7 tàbí 8 lọ.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú ọkà lè lo iyọ̀. Ẹ wá ìgò kan tó mọ́ tó sì gbẹ kanlẹ̀, kó ní ìdérí. Ẹ sá iyọ̀ sóòrùn kó gbẹ, kó má dì mọ́ra wọn. Ẹ bu àgbàdo sínú ìgò náà kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan tàbí méjì sí i, ẹ dé e pa. Ẹ wá mì ín dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò nínú, omi tó wà nínú àgbàdo yẹn ṣì ju ìdá 15 lọ. Ẹ dá a padà sóòrùn. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń gbẹ bọ̀. Ẹ tún sá a sí i díẹ̀ kí ẹ tó dì í. Eyín lásán tí à ń fi gé àgbàdo wò ti tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ.

Bí ó bá ti gbẹ, àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ dára púpọ̀, torí kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, olú náà kò sì ní rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tútù tí ẹ bá dì sínú rẹ̀, tútù náà ló máa bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹ to àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì fara ti ògiri. Àwọn tó ń da oògùn kòkòrò olómi sórí àgbàdo àti ẹ̀wà nítorí kó má bu, ẹ jọ̀wọ́, oògùn yẹn kò pa olú; ẹ kàn fi májèlé kún májèlé ni.

Ní ti ẹ̀pà, ohun kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan máa ń wọ́n omi sí ẹ̀pà gbígbẹ kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀ láti bó. Iṣẹ́ oòrùn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni omi yẹn bàjẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ bó o ní gbígbẹ, bó tilẹ̀ ń dun ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí ẹ ṣà á. Májèlé yìí kì í pín dọ́gba: hóró kan lè kún fún un bámúbámú nígbà tí ogún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ohunkóhun. Nítorí náà, ọwọ́ tó ṣà á dáadáa lè mú èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé odindi awo kúrò. Ẹ yọ èyí tó hunjọ, èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò ti lù, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú tàbí tó ti yí sí ewé. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ̀pà tí ọ̀kan korò lẹ́nu yín, ẹ má gbé e mì nítorí ojú. Ẹ tu ú dànù kí ẹ fi omi yọ ẹnu.

Ibo wá ni èyí tí wọ́n ṣà kúrò ń lọ? Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa nìyẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ di kúlíkúlí àti dọ̀ǹkúwà, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìẹ. Nígbà tí wọ́n bá fún òróró kúrò lára ẹ̀pà, inú pàǹtí tó kù ni ọ̀pọ̀ jù lọ aflatoxin máa ń dúró sí, pàǹtí yẹn gan-an ni wọ́n sì ń dín ní kúlíkúlí. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò lè ṣà á mọ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe é tà, ẹ̀pà tí ẹ kò ní fi bọ́ ọmọ yín, ẹ má fi ṣe kúlíkúlí fún ọmọ ẹlòmíràn. Àdàpọ̀ náà kò dára: kíkó kóńgò àgbàdo tó bu kan mọ́ márùn-ún tó dára, kò sọ ọ̀kan di rere, ó ba márùn-ún jẹ́ ni. Ẹran ọ̀sìn kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Adìẹ tó bá ń jẹ ẹ́ kì í dàgbà, kì í yé ẹyin dáadáa. Màlúù tó bá jẹ ẹ́ á fi í sínú wàrà. Ẹ sin ín sínú kòtò jíjìn. Kí ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n tàbí tó ń kó o dànù di imú àti ẹnu, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn ọmọdé ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ní Benin àti Togo, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún wò ní abúlé 16, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú ọmọ bíi 480, 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni aflatoxin ti fi àmì sí lẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu wọn ló ní in jù. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó lára ọmọ ni ọmọ náà ṣe kúrú tó, tó sì ṣe fúyẹ́ tó sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà tẹ̀ lé àwọn ọmọ mìíràn ní Benin fún oṣù mẹ́jọ, àwọn tí májèlé náà pọ̀ lára wọn jù fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1.7 dàgbà kéré sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Ìyá wọn kò fi ebi pa wọ́n. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn ló ní ohun mìíràn nínú.

Nítorí náà, àgbàdo tí ẹ ó fi ṣe ògì ọmọ, kí ó jẹ́ èyí tó dára jù nínú ilé, kí ẹ ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ògì àgbàdo nìkan bọ́ ọmọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹ máa fi ọkà bàbà, jéró, iṣu, ẹ̀wà àti ẹyin pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ yìí yára gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lára, ewu aflatoxin fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kété tí wọ́n bá bí i. Kò sí àgbo kankan tí a mọ̀ tó ń fọ aflatoxin kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Bí ènìyàn bíi mélòó kan nínú agbo ilé kan bá sì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń dùn wọ́n, tí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, tí ikùn tàbí ẹsẹ̀ wọn ń wú lẹ́yìn tí wọ́n jọ jẹ àgbàdo tàbí ẹ̀pà kan náà, ẹ má ṣe lo oògùn ibà fún wọn nílé. Ẹ gbé gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ajá tàbí adìẹ ilé bá ti kú ṣáájú wọn, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ dá oúnjẹ yẹn dúró fún gbogbo àwọn tó kù, ẹ bu díẹ̀ nínú àgbàdo náà sínú àpò bébà tó gbẹ, kí ẹ mú un dání lọ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.